Èwo Nínú Ẹ̀tàn Lo Ṣe?

Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní Ọ̀fà kí n tó di ẹni tó ń wẹ arúgbó nílùú òyìnbó. Ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn, nítorí pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́ lé mi kúrò nílùú àwọn tó ni ín. Wọ́n fi mí jókòó síwájú àwọn ọ̀gá, wọ́n ní kí n mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Bí mo bá mú èyí tí kò dáa, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, físà mi á sì tẹ̀ lé e, torí pé iṣẹ́ yẹn ni wọ́n torí rẹ̀ fún mi ní físà.

Nígbà tí mò ń kọ́ni, a máa ń ṣe àwọn ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn jọ ara wọn. Màá kọ "deceive" sójú pátákó, màá ní kí àwọn ọmọ dárúkọ àwọn ìbátan rẹ̀. Wọ́n á máa pariwo "mislead", "trick", "cheat", "delude". Màá ní ẹ káre, ìtànjẹ ni gbogbo wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọmọ kan bá bi mí pé ṣé kò sí ìyàtọ̀ nínú wọn ni, màá bi òun náà pé ta ló ń mọ iṣu Òjòkú yàtọ̀ sí iṣu Ìjàgbò nígbà tí iyán bá ti dé inú abọ́. Kíláàsì á rẹ́rìn-ín, a ó sì kọjá síbi tó kàn.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, Gill tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ mú mi lọ bá ìyá kan tó jókòó sétí fèrèsé, tí orí rẹ̀ funfun báláú. Gill ní, "Peggy nìyí." Mo wo ẹ̀yìn àga bóyá ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Peggy. Àṣé ìyá yìí ló ń sọ. Ìyá tó dàgbà ju ìyá tó bí màámi lọ, Peggy gbáláhú ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Mo kúnlẹ̀ kí i. Gill sáré di apá mi mú, ó ní ṣé orúnkún ń dùn mí ni.

Ẹnu mi ò gba Peggy yẹn. Mo ń pè é ní Mummy. Wọ́n pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní iyè ìyá náà ti ń ra, ó lè rò pé òun ló bí mi lóòótọ́. Mo ní kí ló wá burú níbẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe òótọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nílùú wọn, pé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ lè di irọ́.

Yàrá tí mo gbà wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń gẹ irun ajá. Mo tún un sọ: irun ajá. Wọ́n á wẹ ajá, wọ́n á fi ẹ̀rọ gbígbóná fẹ́ ẹ gbẹ, wọ́n á wọ́n lọ́fínńdà sí i lára. Lọ́jọ́ ìsinmi mi, màá jókòó sójú fèrèsé máa wo àwọn ajá tó ń wọlé tó ń jáde, kò sì sẹ́ni tó máa kan ilẹ̀kùn mi látàárọ̀ títí di alẹ́. Ní Ọ̀fà, bí mo bá sùn ju bó ṣe yẹ lọ lásán, ará ilé kejì á ti wá béèrè pé kí ló dé. Níbẹ̀, mo máa ń bá ara mi sọ̀rọ̀ kí n lè mọ̀ pé ohùn mi ṣì wà.

Peggy ló gbà mí. Kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á pa ẹnu dé bí ọmọ tó ń kọ àgbo. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó tì í tí mo ń kọ orin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí màámi fi ń rẹ̀ wá lẹ́kún lọ́mọdé, á la ẹnu. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jẹ àwo oúnjẹ kan tán, Gill wá fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní mo káre. Mo fi ìyẹn ṣayọ̀ dé ilé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, mo mọ̀, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àjò dùn díẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ ni mo máa ń pe ilé, lẹ́yìn ìrun. Màámi ló máa ń gbé e. Ọjà Owódé ni wọ́n ti ń ta aṣọ, Alhaja ni gbogbo ọjà sì mọ̀ wọ́n sí. Bàbá mi ò fẹ́ràn fóònù. Télọ̀ ni wọ́n, ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ di abẹ́rẹ́ sẹ́nu kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á kàn gbà á lọ́wọ́ màámi, wọ́n á ní, "Aṣọ tó o wọ̀ yẹn, ṣé ó nípọn dáadáa?" Mo bá ní ó nípọn, sà. Wọ́n á ní Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ, wọ́n á dá fóònù padà.

Nígbà tó yá, màámi á ní bàbá ti lọ sí mọ́sálásí. Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á ní bàbá lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìjàgbò. Lọ́jọ́ kan tí mo fi dandan lé e pé mo fẹ́ gbọ́ ohùn wọn, àbúrò mi fi ohùn bàbá ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, níbi tí wọ́n ti ń ṣàdúrà fún mi pé ẹsẹ̀ mi ò ní kọ lájò. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà. Mo ṣe àmín sókè, àwọn òyìnbó yíjú wò mí.

Ọkọ Peggy, Ron, ti kú tipẹ́. Iyè tó ra kò jẹ́ kí Peggy rántí, nítorí náà kò sí ọ̀sán tí kì í béèrè rẹ̀. Ilé ìtọ́jú ti kọ́ wa ní ohun tí a óò máa ṣe. A ò gbọdọ̀ sọ pé ó ń bọ̀, a ò sì gbọdọ̀ là á mọ́ ọn lójú pé ó ti kú. Kí a jókòó tì í, kí a bi í pé irú èèyàn wo ni Ron, iṣẹ́ wo ló ń ṣe, títí ọkàn rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀kọ́ náà, àmọ́ lójú tèmi, fífi ọ̀rọ̀ falẹ̀ lásán ni.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Peggy di ọwọ́ mi mú. Omi ti kún ojú rẹ̀. Ó ní, "Níbo ni Ron wà? Ṣé nǹkan ti ṣe é ni?"

Mo wo ojú yẹn, kò sì sí bí mo ṣe lè máa bi í pé iṣẹ́ wo ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Mo ní, "Ó jáde lọ ra nǹkan, Mummy. Ó máa tó dé."

Ojú ìyá náà là. Ó jẹun yó. Inú mi dùn, mo bá iṣẹ́ mi lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé Peggy máa gbà mí gbọ́. Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó dé fìlà, ó ní kí wọ́n gbé àga òun sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, á nàró. Kò mu tíì, kò jẹ́ kí wọ́n bọ́ kóòtù lára òun, ó ní Ron ò gbọdọ̀ dé bá òun láìmúra. Nígbà tí Linda ọmọ rẹ̀ wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ìyá náà ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Linda béèrè pé ta ló sọ fún un pé bàbá òun ń bọ̀.

Èmi ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti òkè nígbà náà, n kò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Mo jáde síwájú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún lẹ́bùn. "Èmi ni," mo ní. Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni.

Linda wò mí, kò pariwo. Ó ní, "O tan ìyá mi. Iyè rẹ̀ ti lọ. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún un ni kí ẹnu àwọn tó yí i ká jẹ́ òótọ́. Ìwọ sì gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀." Ọ̀rọ̀ tó lò fún "tan" ni "deceive", èyí tí mo máa ń kọ sójú pátákó.

Mo wẹ ìyá yìí, mo bọ́ ọ, mo kọrin fún un, èmi ni wọ́n wá ń bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Gill ti sọ fún mi pé Linda ti fi ẹjọ́ sùn, wọn á gbọ́ tẹnu mi lọ́jọ́ Ẹtì, n kò sì ní wọ yàrá Peggy títí dìgbà náà.

Dawn ni orúkọ obìnrin tó máa ń bá àwa òṣìṣẹ́ jókòó bí ọ̀gá bá pè wá lẹ́jọ́. Ó pè mí sí ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó o bá lò ni wọ́n máa fi dájọ́ ẹ?"

Mo ní ọ̀rọ̀ wo.

Ó ní, "Bí o bá ní o 'mislead' Peggy, ó túmọ̀ sí pé o júwe ọ̀nà tí kì í ṣe ọ̀nà fún un. Ìwọ fúnra ẹ lè má mọ ọ̀nà. Wọ́n á ní kí o lọ tún ẹ̀kọ́ kọ́, ó parí. Bí o bá ní o 'deceive' rẹ̀, o mọ òótọ́, o wo ojú ẹ̀, o gbé irọ́ fún un. Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í bá aláìlera ṣiṣẹ́ mọ́."

Mo bi í nípa àwọn yòókù, bí ẹni tó ń kọ́ kíláàsì. Ó ní kí n má dán "trick" wò, ọgbọ́n àrékérekè àti ẹ̀rín wà nínú rẹ̀, Linda á rò pé mò ń fi ìyá òun ṣeré ni. Ó ní "delude" wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí wọ́n bá ṣe ìyẹn fún ti ń gbé inú irọ́ bí ẹni ń gbé inú ilé, nígbà mìíràn òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ. Nígbà tí mo dárúkọ "con", ó wẹ̀yìn wò kí ẹnìkan má baà gbọ́. Ẹni tó wá ojúure kó lè gba dúkìá ni wọ́n ń wí bẹ́ẹ̀ fún. Ó ní kí ọ̀rọ̀ yẹn má ti ẹnu mi jáde, ọmọ Nàìjíríà ni mí.

Mo jókòó sórí òkìtì aṣọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ní kí àwọn ọmọ kọ sílẹ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, èyí ìkìlọ̀ lásán ni, tọ̀hún tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú padà sílé ni. Tiwa náà ní ìyàtọ̀, mo mọ̀. Ẹni tó rẹ́ni jẹ lọ́jà yàtọ̀ sí ẹni tó luni ní jìbìtì, ẹni tó sì ṣini lọ́nà lè má mọ ibi tó ń lọ. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ohun tí mo ṣe fún Peggy, n kò mọ̀ pé ó wà nínú ẹbí yẹn rárá. Nílé, bí èèyàn bá kú tí ọmọ rẹ̀ sì wà ní ìdálẹ̀, ta ló jẹ́ fi fóònù sọ ọ́ fún un? Wọ́n á ní ara bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ le, kó máa bọ̀. Bí kò bá lè wá, wọ́n á wá àgbà kan tó sún mọ́ ọn níbẹ̀, kó lọ sílé rẹ̀, kó jókòó, kó rọra sọ ọ́, kí ọwọ́ wà tó máa gbà á mú. Ẹni tó bá kàn túfọ̀ fún ẹni tó dá wà, àdúgbò á bú u pé kò láàánú. Ìtọ́jú ni a ń pè é.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo pe màámi. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn.

"Ṣé o gba nǹkan lọ́wọ́ ìyá náà ni?" wọ́n ní.

"Rárá, mà. Wọ́n ní mo tàn án ni."

"Tàn án báwo? Ìyá arúgbó ń sunkún, o rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ṣé kó o wá máa là á mọ́ ọn lójú pé ọkọ ẹ̀ ti kú ni? Wo bí wọn ò ṣe láàánú." Inú ti ń bí wọn, wọ́n gbé ohùn sókè. "Sọ fún wọn pé bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn ló ń ṣe é fún un. Ṣé a ò ṣe é fún ìwọ náà ni? Ìwọ tó o dá wà nínú òtútù, ta ló máa gbà ẹ́ mú tá a bá sọ fún ẹ pé bàbá ẹ..."

Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń gbálẹ̀ lẹ́yìn wọn, ìgbálẹ̀ yẹn náà sì dúró.

"Bàbá mi kí ni, mà?"

"Wọ́n ń sùn."

"Ẹ bá mi jí wọn."

Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bàbá mi ti kú, ó ti lé lóṣù kan. Wọ́n ti sin wọ́n ní ọjọ́ náà gan-an, wọ́n ti ṣàdúrà ọjọ́ kẹjọ, èèyàn ti wá láti Ìjàgbò àti Ẹ̀rìn-Ilé, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti lọ. Wọ́n bẹ gbogbo ẹni tó mọ̀ mí pé kí wọ́n má gbé e sórí fóònù. Alhaji kan tó jẹ́ ọmọ ìlú wa, tó ń gbé London, ni wọ́n ní kó wá bá mi nílé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò jẹ́ kó tíì ráyè, wọ́n sì ń dúró dè é.

"Ohùn wọn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ńkọ́?"

"Ti àtijọ́ ni," màámi ní. "Ó ti wà lórí fóònù àbúrò ẹ tipẹ́."

N kò lè sunkún. Mo ń rántí mọ́sálásí tí wọn ò lọ, Ìjàgbò tí wọn ò dé, àmín tí mo ṣe nínú bọ́ọ̀sì. Ìlú mi lódindi ló mọ̀, èmi ọmọ tí wọ́n bí nínú ilé nìkan ni mi ò mọ̀. N kò tíì rí ara mi bí àlejò ní Ọ̀fà rí àfi ìgbà yẹn. Mo pa fóònù láì dágbére fún ìyá tó bí mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo jókòó síwájú Gill, Linda, àti ọkùnrin kan láti olú iléeṣẹ́. Dawn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Gill ò fẹ́ kí n lọ, mo rí i lójú rẹ̀. Ó rọra ní, "Ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé o 'mislead' Peggy, láìmọ̀?" Ó gbé ọ̀rọ̀ náà fún mi bí a ṣe ń gbé ṣíbí fún ọmọdé. Dawn fi ẹsẹ̀ kàn mí lábẹ́ tábìlì. Kí n ṣáà ti mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ká ní ọjọ́ Ẹtì yẹn ṣáájú Ọjọ́bọ̀ ni, ǹ bá ti mi orí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ṣì mí lọ́nà ní gbogbo Jímọ́ọ̀ tí mo fi ń pe ilé. Wọ́n mọ òótọ́, wọ́n gbọ́ ohùn mi, wọ́n sì gbé nǹkan mìíràn fún mi.

Mo ní, "Rárá. Mo mọ̀ pé Ron ti kú. Mo fẹ́ kí Peggy gbà pé ó wà láàyè. 'I deceived her.'"

Dawn mí kanlẹ̀. Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Linda ní, "Kí ló dé tó o fi ń sọ báyìí?"

"Torí pé wọ́n ti ṣe é fún èmi náà. Bàbá mi kú, ìyá mi sì ń sọ fún mi pé ó jáde ni. Àná ni mo mọ̀." Mo ní, "Nítorí ìfẹ́ ni ìyá mi ṣe ṣe é. Nítorí ìfẹ́ ni èmi náà ṣe ṣe é. Ẹ̀tàn ni ṣá."

Wọ́n ní kí n bọ́ síta. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ti ń rò ó pé aṣọ wo ni màá kó sínú àpótí. Nígbà tí Gill jáde, ó ní wọ́n máa fi ìkìlọ̀ tó le sábẹ́ orúkọ mi, n kò sì ní dá wà pẹ̀lú Peggy mọ́ títí màá fi tún ẹ̀kọ́ kọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi wà. Ó ní Linda ló bẹ̀ wọ́n. Linda fúnra rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìkí mi.

Ọ̀sán ṣì ni nígbà tí mo dé yàrá mi, ajá kan ń gbó nísàlẹ̀. Mo pe màámi. Wọ́n gbé e kó tó dún dáadáa.

"Ọ̀rọ̀ wo lo wá mú fún wọn?"

"Mo ní mo tàn án, mà."

"Wọ́n lé ẹ?"

"Wọn ò lé mi."

Màámi kì í ṣe ẹni tó ń bẹ ọmọ. Alhaja ni wọ́n, bí wọ́n bá ṣẹ̀ ọ́, oúnjẹ tó dáa ni wàá rí lọ́jọ́ kejì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Èmi náà tàn ẹ́," wọ́n ní. Ohùn wọn kéré. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé wàá lé mi?"

Ìgbà yẹn ni omi tó jáde lójú mi. Mo ní, "Rárá, mà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún mi báyìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má fo nǹkan kan."

Mo gbọ́ tí wọ́n fa àga, tí wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Àárọ̀ ni. Bàbá ẹ ní kí n bá àwọn gbé ẹ̀rọ ìránṣọ síta, pé ìmọ́lẹ̀ inú ilé ò tó."